Eyín Gíà Tó Wà Nínú Àpótí Aṣọ Mi

Wọ́n ní kí n dárí jì í. Àwọn ọmọ mi ti sọ ọ́, lèmọ́mù àdúgbò wa ti sọ ọ́, àwọn obìnrin tá a jọ ń rẹ aró tẹ́lẹ̀ sọ ọ́ títí ẹnu fi rẹ̀ wọ́n. Mo gbọ́. Etí mi ò di. Àmọ́ nísàlẹ̀ àpótí aṣọ mi, lábẹ́ gínì tí mo fi ṣe ìyàwó, nǹkan kan wà tí mo dì ní kókó sínú aṣọ ìnujú. Eyín mẹ́ta ni, eyín gíà ọkọ̀. Lọ́dọọdún tí mo bá ń sá aṣọ sóòrùn, mo máa ń tú kókó náà wò, inú mi á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í hó bíi tọjọ́ náà gan-an. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o ò ní gbàgbé. Èmi ni mo kó o.

Ọkọ mi ni dírẹ́bà. Nígbà tí mò ń sọ yìí, kò tíì ju ọdún méjì sí mẹ́ta lọ tí àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá. A ní bọ́ọ̀sì kékeré kan tá a jọ fi òógùn ojú wa rà. Láti gáréèjì Láfẹ́nwá ló ti ń gbé èrò lọ sí Papalanto, Wásinmi àti Owódé. Bó bá di ọjọ́ ọjà, ẹrù àdìrẹ mi á wà lórí ọkọ̀, èmi náà á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ níwájú. Ogún ọdún ló ti ń wakọ̀, kò pa adìyẹ rí. Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu ẹ̀ ni. Láràárọ̀, tó bá ti kírun àsùbáà tán, á ṣí iwájú ọkọ̀, á fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, á nù ún mọ́ àkísà funfun, á tì í bọ̀ ọ́, á tún fà á yọ wò. Èmi ni mo máa ń gé àkísà náà fún un lára aṣọ funfun tí mi ò tíì rẹ láró. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó mọ ikùn ọkọ̀ ju ikùn ìyàwó ẹ̀ lọ. Á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á sì máa nu ọwọ́ ẹ̀.

Mẹkáníìkì tí mò ń sọ ní ṣọ́ọ̀bù níwájú gáréèjì Láfẹ́nwá. Òun ni gbogbo dírẹ́bà ibẹ̀ ń lò, ọ̀rọ̀ ẹ̀ sì ni alága gáréèjì máa ń gbọ́. Tó bá ti ní dírẹ́bà kan ló fọwọ́ ara ẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n á gba káàdì ìgbérò lọ́wọ́ onítọ̀hún, torí wọ́n gbà pé ẹni tí ò lè tọ́jú ọ́ìlì ò lè tọ́jú ẹ̀mí èèyàn. Nígbà yẹn, mo fẹ́ràn ọkùnrin náà, mi ò ní purọ́. Ó lọ́yàyà. Bó bá ti ń wọ ojúde wa ní Ìtòkú, á ti máa kí mi látòkèèrè bí wọ́n ṣe ń kí aláró: "Àrẹdú o!"

Ní ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún náà, bọ́ọ̀sì wa bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín. Mẹkáníìkì wá tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ ní ojúde wa. Gbogbo irin inú ẹ̀ ló dúdú kirikiri, àti fááfù, àti kámúṣáàfù, ìyẹn ọ̀pá gígùn kan tó ní gíà ńlá lẹ́nu, tó jẹ́ pé òun ló ń ṣí fááfù tó sì ń pa á dé. Kẹrosíìnì tí wọ́n fi ń fọ irin wọ́n lásìkò yẹn. Ó kó àwọn irin náà sínú omi sódà, ó fi wọ́n síbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Nígbà tó máa kó wọn jáde, wọ́n ń dán bí àwo tánganran. Ó tò wọ́n padà, ọkọ̀ ń lọ jẹ́jẹ́, a dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Oṣù méjì lẹ́yìn ẹ̀, lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, ọkọ mi ń bọ̀ láti Papalanto pẹ̀lú èrò mẹ́sàn-án. Ó ní òun gbọ́ tí nǹkan ha gẹ̀ẹ̀rẹ̀ níwájú, ẹ́ńjìnnì sì kú lójijì. Ó ta sítátà, ẹ́ńjìnnì ń yí, kò jí. Típà oníyanrìn kan ló wọ́ ọ dé Láfẹ́nwá. Mẹkáníìkì jáde láti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ó káwọ́ sẹ́yìn bí ẹni wá wo ilé tó fẹ́ yá. Ó ní kí ọkọ mi ta sítátà. Ọkọ mi ta á lẹ́ẹ̀mejì. Mẹkáníìkì mi orí. Kò ṣí iwájú ọkọ̀. Kò fọwọ́ kan bóòtù kan ṣoṣo.

"Ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì," ó ní, kí gbogbo gáréèjì lè gbọ́. "Ọ́ìlì ló gbẹ nínú ẹ̀. Dírẹ́bà ló pa á."

Ọ́ìlì! Ọkọ mi, ọ́ìlì! Alága gba káàdì lọ́wọ́ ẹ̀ níbẹ̀, ó ní tó bá di Sátidé tí wọ́n bá ṣèpàdé, wọ́n á mọ̀ bóyá wọ́n á dá a padà fún un tàbí wọ́n á yọ orúkọ ẹ̀ kúrò pátápátá. Bí Láfẹ́nwá bá sì ti yọ orúkọ dírẹ́bà, kò sí gáréèjì kankan ní gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá tó máa gbà á. Mẹkáníìkì ò tiẹ̀ jẹ́ kó mọ síbẹ̀. Bó ṣe ń lọ tún ọkọ̀ ṣe káàkiri lọ́jọ́ náà, ó ń rò ó bí ẹni ń ròyìn ìgbéyàwó. Kó tó di ọ̀sán Túsìdeè, wọ́n ti ń pe ọkọ mi ní Apẹ́ńjìnnì ní Papalanto, ní Wásinmi àti ní Owódé.

Mo ti rí ọkùnrin tó ń sunkún rí. Ìyẹn ò dẹ́rù bà mí. Ohun tó dẹ́rù bà mí ni pé láàárọ̀ Túsìdeè, ọkọ mi kírun tán, ó mú àkísà funfun ẹ̀, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ká a, ó ń tú u, ó ń ká a. Mo gbé ẹ̀kọ síwájú ẹ̀, kò jẹ ẹ́. "Ìyá wọn," ó ní, "ṣé kì í ṣe pé mo gbàgbé lọ́jọ́ kan?" Ẹ ò rí i? Wọ́n ti parọ́ mọ́ ọn débi pé òun náà ti fẹ́ gbà á gbọ́.

Ara mi gbóná. Mo ró ìró mi, mo di Láfẹ́nwá. Títí dọjọ́ yẹn, "ẹ" ni mo fi ń bá mẹkáníìkì sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà, mi ò fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ mọ́ láyé.

"Ṣé o tú bóòtù kan wò?" mo bi í. "Ṣé o fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ?"

Ó rẹ́rìn-ín. Àwọn dírẹ́bà tó wà níbẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. "Ìyá aláró," ó ní, "ẹ lọ máa rẹ aró yín jàre. Ọ̀rọ̀ irin kì í ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin."

Ó dáa. Mo wo ojú ẹ̀ dáadáa, kí n má bàa gbàgbé bó ṣe rí lójú nígbà tó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní lọ́kàn mi pé ìwọ ọkùnrin yìí, ẹnu tó o fi sọ ọ́ ni wàá fi kó o jẹ.

Bàbá kan wà lẹ́yìnkùlé wa tó ti fẹ̀yìn tì nílé iṣẹ́ rélùwéè, tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ìránṣọ àti ẹ̀rọ ìlọta ló kù tó ń tún ṣe. Mo lọ kúnlẹ̀ fún un. Ó ní òun ò ṣe iṣẹ́ mọ́tò mọ́, ojú òun ti ń di bàìbàì. Mo ní, "Bàbá, ẹ wá bá mi fi etí gbọ́ ọ." Ó dìde. Ó di sípánà ẹ̀ sínú aṣọ bí ìgbà tí èèyàn di Kùránì. Àwọn aládùúgbò ti bá wa ti bọ́ọ̀sì padà sí ojúde wa.

Ọ̀pá ọ́ìlì ló kọ́kọ́ fà yọ. Ó gbé e sójú oòrùn. Ọ́ìlì kún dé ojú àmì, kò dín, kò lé. Bàbá nà án sí ọkọ mi. Ọkọ mi wò ó, ó nù ún, ó tì í bọ̀ ọ́, ó tún fà á yọ wò. Lẹ́yìn náà ni bàbá ní kó ta sítátà. Ẹ́ńjìnnì ń yí yẹ́ẹ́-yẹ́ẹ́-yẹ́ẹ́, kíákíá.

"Ẹ gbọ́ bó ṣe fúyẹ́," bàbá ní. "Ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì gbẹ nínú ẹ̀ á gan ni, kò ní yí rárá. Èyí tí ara ẹ̀ dá, ẹ máa gbọ́ tó ń mí, hùn, hùn, hùn. Eléyìí ò mí. Fááfù ẹ̀ kò ṣí, kò sì pa dé."

Ó ṣí ọmọrí dísíríbútọ̀, ìyẹn ibi tí iná ti ń pín sí púlọ́ọ̀gì. Nǹkan kékeré kan wà láàárín ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní rótọ̀, tó yẹ kó máa yí. Bàbá ní kí n tẹjú mọ́ ọn. Ó ní kí ọkọ mi ta sítátà. Ẹ́ńjìnnì ń yí, fáànù ń yí, bẹ́ẹ̀ẹ̀tì ń sáré, ṣùgbọ́n rótọ̀ dúró gbagidi.

"Ṣé ó yí?" bàbá bi mí.

"Kò yí, sà."

"Kíráńkì ń yí nísàlẹ̀, torí òun ló ń yí fáànù. Kámúṣáàfù ló yẹ kó yí rótọ̀, kò sì yí i. Gíà ló so àwọn méjèèjì pọ̀. Gíà kámúṣáàfù ti jẹ."

Ọkọ mi sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó dúró síwájú bàbá bí ọmọ ilé kéwú. "Ṣé kì í ṣe ọ́ìlì?"

"Kì í ṣe ọ́ìlì."

Ó tún bi í lẹ́ẹ̀kejì. Bàbá tún dá a lóhùn. Mo yí ojú mi sí ibòmíràn, mo ń ṣe bí ẹni ń wo ìkòkò aró mi.

Wọ́n ní kí n máa gba bóòtù. Mo gbé àwo, mo ń tò wọ́n bí wọ́n ṣe ń tú wọn, kí wọ́n má bàa dàrú. Wọ́n da omi redíétọ̀ dà nù, wọ́n sọ redíétọ̀ kalẹ̀, wọ́n tú fáànù, wọ́n yọ púlì, wọ́n wá ṣí ìdérí irin tó wà níwájú ẹ́ńjìnnì. Gíà méjì ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Kékeré tìsàlẹ̀ jẹ́ irin, eyín ẹ̀ pé pérépéré. Ńlá tòkè ni ti kámúṣáàfù, àwọ̀ ilẹ̀ ni àwọ̀ ẹ̀, eyín ẹ̀ sì ti fá dànù lápá kan bí ẹnu arúgbó. Àwọn èérún ẹ̀ wà nínú ọ́ìlì bíi gààrì.

Mo ní, "Irin wo ló rí báyìí?"

"Kì í ṣe irin," bàbá ní. "Fáíbà ni. Aṣọ ni wọ́n tò léra, wọ́n da oje sí i, wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí ó fi le. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kó má bàa máa pariwo mọ́ irin ni. Ó máa ń pẹ́ gan-an. Kò yé mi bí eléyìí ṣe tètè jẹ."

Aṣọ kẹ̀! Mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ọ̀rọ̀ irin lè máà jẹ́ ọ̀rọ̀ obìnrin, ṣùgbọ́n ta ló máa kọ́ mi ní aṣọ? Mo fi èékánná ṣí i, ó ṣí níkọ̀ọ̀kan bí gínì tí wọ́n lù tí wọ́n sì ká. Aṣọ tó já torí iṣẹ́ àṣejù, òwú ẹnu ẹ̀ á gùn, á le. Aṣọ tí sódà tá a ń pò mọ́ aró bá jẹ, òwú ẹ̀ á rọ̀, á máa fọ́ lábẹ́ ìka bí bébà tútù. Mo ti ba aṣọ tó pọ̀ jẹ́ nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́, kí n tó mọ ìyàtọ̀. Sódà ló jẹ gíà yìí. Omi sódà tí mẹkáníìkì rẹ ẹ́ sí di ọjọ́ kejì ló sọ ọ́ di ẹlẹgẹ́, tí gbígbóná ẹ́ńjìnnì wá parí ẹ̀.

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ pariwo. Ọwọ́ mi ti tẹ̀ ẹ́! Mo yí gíà náà padà, mo rí ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní ibi tí aṣọ ti pàdé irin àárín ẹ̀. Ilà náà dúdú bí aró. Aró ni. Aró tèmi ni.

Mo ní láti sọ ọ́ báyìí, torí mo ti fò ó tẹ́lẹ̀. Mẹkáníìkì ò ra sódà níbì kankan. Lọ́jọ́ tó ń ṣàròyé pé kẹrosíìnì wọ́n, èmi ni mo ní, "Kí lẹ wá ń wá kẹrosíìnì sí? Ẹ kó o sínú ìkòkò omi aró mi àtijọ́ yìí, sódà inú ẹ̀ á fọ̀ ọ́ mọ́ fínnífínní." Ó ní, "Ṣé kò ní bà á jẹ́, Ìyá aláró?" Mo ní, "Irin náà kẹ̀? Ẹ fi í síbẹ̀ dọ̀la, ẹ ó wá dúpẹ́." Mo ń fi ìmọ̀ mi yangàn. Mi ò mọ̀ pé aṣọ wà nínú ẹ́ńjìnnì. Òun tó jẹ́ mẹkáníìkì ló yẹ kó mọ̀. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún ara mi nìyẹn.

Bàbá ń mu omi lọ́wọ́. Ọkọ mi ń fọ bóòtù. Kò sẹ́ni tó ń wò mí. Mo mú bíléèdì tí mo fi ń tú okùn àdìrẹ, mo ha ilà aró náà dànù, mo fi ọ́ìlì nu ojú ẹ̀. Eyín mẹ́ta tó ti ṣí kúrò lára ẹ̀, tí aró wà lára wọn, mo dì wọ́n sínú aṣọ ìnujú mi.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá ọkùnrin kan ní Owódé tó máa ń tú ọkọ̀ tó ti kú tà ní ẹyọ-ẹyọ. Ó ní gíà fáíbà méjì tó bá ẹ́ńjìnnì wa mu, tí eyín wọn pé. Mo ní kó kó méjèèjì fún mi. Ó ní kámúṣáàfù mélòó ló wà nínú ọkọ̀ mi. Mo ní kó má da ara ẹ̀ láàmú.

Bàbá fi ọ̀kan sínú ọkọ̀. Ó fi hàn mí pé àmì kékeré kan wà lára gíà kọ̀ọ̀kan, ó sì ní kí àmì méjèèjì kọjú síra gẹ́lẹ́ kó tó ti gíà bọ̀ ọ́, torí bí ó bá yẹ̀ ní eyín kan péré, fááfù á máa ṣí nígbà tó yẹ kó pa dé. Ó fi bóòtù mú un, ó yí kíráńkì lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó tún wo àmì, ó ní ó pé. Wọ́n da ọ́ìlì àtijọ́ dànù, wọ́n fọ àwo ọ́ìlì kúrò lọ́wọ́ èérún, wọ́n da tuntun sí i. Ọkọ mi ta sítátà. Ẹ́ńjìnnì jí lẹ́ẹ̀kan náà. Ó pa á, ó sọ̀ kalẹ̀, ó mú àkísà funfun ẹ̀, ó sì fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ wò.

"Ó ti parí," ó ní. "Ọkọ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀."

Mo ní, "Ọkọ̀ ló jí. Orúkọ yín ò tíì jí."

Mo po omi sódà gbígbóná tuntun sínú garawa, èyí tí kò ní ẹ̀kán aró kankan nínú. Mo ju gíà kejì sí i, mo dé e. Láti Wẹ́sìdeè títí di Sátidé, mò ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa náà, mo sì ń rẹ́rìn-ín.

Àwọn obìnrin kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé gáréèjì. Mo gbé àwo mi dé, mo dúró sábẹ́ àtíbàbà wọn, bàbá rélùwéè dúró tì mí. Alága ní kí ni mo gbé wá. Mo ní ẹlẹ́rìí ni. Torí bàbá, wọ́n gbà mí láyè.

Mo kọjú sí mẹkáníìkì. "Kí ló pa ẹ́ńjìnnì ọkọ mi?"

"Mo ti sọ ọ́. Ọ́ìlì ló gbẹ."

"Ṣé o tú u?"

"Etí mi ló ń tú ẹ́ńjìnnì." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tẹ́rùn.

Bàbá sọ bí ọ́ìlì ṣe kún. Ó sọ bí rótọ̀ ò ṣe yí. Mo gbé gíà tó jẹ sílẹ̀ níwájú wọn. Lẹ́yìn náà, mo gbé ìkejì jáde, ó pé, ó dùn-ún wò. Mo ní, "Eléyìí ò dé inú ọkọ̀ látìgbà tí mo ti rà á ní Owódé. Inú omi sódà ló wà fún ọjọ́ mẹ́ta. Gbà á. Fi ìka ẹ ká eyín ẹ̀ wò."

Kò fẹ́ gbà á. Alága ní kó gbà á. Ó fi àtàǹpàkò tẹ eyín kan, eyín náà ṣí sí i lọ́wọ́ bí èèpo ọsàn. Ó tẹ ìkejì, ó tún ṣí. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Alága ní, "Ṣé o rẹ ti inú ọkọ̀ yẹn sínú sódà àbí o ò rẹ ẹ́?"

Mẹkáníìkì gbé ojú sókè, èmi ló sì wò. Mo mọ ohun tó lè sọ. Ìdáhùn mi ti wà nílẹ̀: màá búra pé irọ́ ni, màá fi Kùránì búra bí wọ́n bá gbé e wá. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, mo ti múra láti fi Kùránì búra irọ́.

"Mo rẹ ẹ́," ó ní.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọkọ mi lórí iyẹ̀pẹ̀. Alága yọ káàdì láti àpò, ó fi lé ọkọ mi lọ́wọ́. Gbogbo wọn wá kọjú sí mi pé kí n fọwọ́ wọ́nú. Nílẹ̀ wa, bí àgbàlagbà bá ti dọ̀bálẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Mo mọ̀. Mo ní èmi ò gbà. Mo ní gáréèjì mẹ́rin ló ti fi ẹnu ba ọkọ mi jẹ́, ní gáréèjì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni yóò ti fi ẹnu náà tún un ṣe. Ó ti ṣe ti Láfẹ́nwá, ó ku mẹ́ta. Inú bọ́ọ̀sì wa ló máa jókòó sí, ọkọ mi ló sì máa wà á.

Àwọn àgbà gáréèjì ní mo le jù. Mo ní kí wọ́n fi orúkọ tiwọn wé e ná.

Ní Mọ́ńdè, àárín èmi àti ọkọ mi ló jókòó sí níwájú. Ní Papalanto, mo ní kó sọ̀ kalẹ̀. Ó dúró láàárín àwọn dírẹ́bà, ó ní, "Èmi ni mo pa ẹ́ńjìnnì ọkùnrin yìí. Kì í ṣe òun." Mo ní mi ò gbọ́. Ó tún un sọ. Ní Wásinmi, àwọn tó ń ta ẹ̀pà fi ìdí ẹrù wọn sílẹ̀ wá wò ó. Inú mi ń dùn ṣìnkìn. Mo ra ọsàn, mò ń mu ún lójú ẹ̀, mò ń tu kóró ẹ̀ sójú títì. Ọkọ mi ò sọ̀kalẹ̀ níbì kankan. Ó di sítíárìn mú, ó ń wo iwájú.

Ní Owódé, ọkùnrin tó ta gíà fún mi wà láàárín èrò. Mẹkáníìkì sọ tiẹ̀. Ọkùnrin náà ní, "Ó yà mí lẹ́nu o. Mẹkáníìkì bíi tìẹ! Ta ló kọ́ ẹ pé kó o rẹ fáíbà sínú sódà?"

Gbogbo wọn tẹjú mọ́ ọn. Ọkọ mi náà yí orí padà láti ibi sítíárìn, ó ń wò ó. Ọsàn wà lọ́wọ́ mi, mi ò lè mu ún. Mẹkáníìkì wò mí. Kò bínú. Bí ẹni tó rí i pé ìró aládùúgbò ẹ̀ fẹ́ já lójú ọjà, tó sì fi ara bò ó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe wò mí.

"Orí ara mi ni mo fi ṣe é," ó ní. "Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi."

A padà sí Láfẹ́nwá. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mi. Mo rò pé á bú mi. Ó ní, "Àrẹdú o." Ó wọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ lọ.

Kò sẹ́ni tó pe ọkọ mi ní Apẹ́ńjìnnì mọ́. Ó wakọ̀ títí ojú ẹ̀ fi di bàìbàì, wọ́n sì fi ṣe àgbà gáréèjì. Bó bá ń bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ mi, á ní ìyàwó òun ló gba orúkọ òun padà lẹ́nu ẹkùn. Mi ò sọ ti ìkòkò aró fún un rí. Ó ti kú báyìí, mo sì wẹ ọwọ́ ẹ̀ fúnra mi kí wọ́n tó gbé e lọ, ọwọ́ tó fi ń mú àkísà funfun. Mi ò sọ ọ́ létí ẹ̀ lọ́jọ́ náà náà.

Mẹkáníìkì ṣì wà láyé. Ó ti darúgbó, ọ̀pá ló fi ń rìn, ojúde wa sì ni ọ̀nà tó ń gbà lọ sí mọ́ṣáláṣí. Láràárọ̀ tí Ọlọ́run dá, á dúró, á ní, "Àrẹdú o," bẹ́ẹ̀ mi ò rẹ aró mọ́ láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Mi ò mọ̀ bóyá inú ire ló fi ń kí mi tàbí ó ń rán mi létí. Bí mo bá bi í, á jẹ́ pé mo ti jẹ́wọ́. Mo gbẹ̀san lára ẹ̀ lọ́jọ́ kan, ní gáréèjì mẹ́rin, lójú ayé. Òun, ó ti lé lógójì ọdún tó ti wà lẹ́nu ẹ̀san tiẹ̀.

Wọ́n ní kí n dárí jì í. Báwo ló ṣe lè ṣẹ̀ mí ní gáréèjì, kó bo àṣírí mi ní Owódé, kí n wá máa dúpẹ́? Mo kórìíra ẹ̀ fún èkíní, mo kórìíra ẹ̀ jù fún èkejì. Láàárọ̀ yìí náà, ó kọjá, ó kí mi. Ẹnu mi ṣí láti sọ pé mo dárí jì í, àmọ́ mo ní kí ọmọ mi ti ilẹ̀kùn.